Ìjánu, Ààlà àti Òṣùwọ̀n

Kíkà: Gálátíà 5:22–26; Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 24:24–27; 2 Pétérù 1:5–8

  

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní "temperance", ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé, kí ènìyàn má mutí. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kí ó júwe ilé, tí ó sì júwe ilẹ̀kùn nìkan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé, obìnrin tí kò fi ẹnu kan ọtí rí lè ka èso Ẹ̀mí dé ìparí, kí ó ní òun ti yege, nígbà tí gbèsè aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ sì ń sáré káàkiri àdúgbò. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti gbòǹgbò.

Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá. Ohun tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí ni kí a po nǹkan méjì pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Àwọn ará ìgbàanì ní Róòmù kì í sábà mu wáìnì lógidì, omi ni wọ́n fi ń là á. Láti gbòǹgbò kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí orúkọ tí ó ń pe iṣẹ́ kan tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ dáadáa. Bí alágbẹ̀dẹ bá yọ irin pupa nínú iná, tí ó tì í bọ omi lójijì, irin náà a le, ṣùgbọ́n bí ó bá kan òkúta, a ṣẹ́. Kí ó tó ṣeé fi ṣe àdá, a ní láti tún fi han iná díẹ̀, níwọ̀nba, títí líle àti rírọ̀ yóò fi bá ara wọn mu. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá sì sọ pé ẹnìkan sọ "temper" rẹ̀ nù, ohun tí ó ń sọ ni pé ohun tí ó dọ́gba nínú ẹni náà ti dàrú. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé ọtí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ tò ni.

Ní èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí ó lò fi agbára hàn, agbára tí ènìyàn ní lórí ara rẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 pe èyí ní "temperance". Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Bíbélì Yorùbá wa ṣe, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọn kò fi orúkọ kan ṣoṣo dè é. Mẹ́ta ni wọ́n fún un.

Nínú Gálátíà, wọ́n pè é ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìjánu ni ohun tí a fi sí ẹnu ẹṣin. Ẹṣin tí ó ní ìjánu kò di aláìlágbára, agbára rẹ̀ pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ó ń lọ.

Nínú ìwé Pétérù, wọ́n pè é ní àìrékọjá. Kì í ṣe àjọ Ìrékọjá ti Ísírẹ́lì ni à ń sọ níbí. Kí ènìyàn má fo ààlà ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n lò nígbà tí Pọ́ọ̀lù dúró níwájú gómìnà Fẹ́líksì. Fẹ́líksì jókòó, Drùsílà aya rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òpìtàn Júù nì, Josephus, kọ ọ́ sílẹ̀ pé aya ọba kan ni Drùsílà, kí Fẹ́líksì tó tàn án kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Bíbélì sì sọ fún wa pé Fẹ́líksì ń retí kí Pọ́ọ̀lù fún òun lówó. Aya ẹlòmíràn àti owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀: ààlà méjì nìyẹn tí ó ti fò kọjá. Nítorí náà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ àìrékọjá, kò dárúkọ ọtí rárá, síbẹ̀ ẹ̀rù ba gómìnà.

Nínú Kọ́ríńtì Kìíní, orí kẹsàn-án, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ àwọn tí ń sá eré ìje, wọ́n pè é ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún: kí a wọ̀n, kí a sì tún un wọ̀n. Ẹni tí ń ra gàrí ní ọjà Bàrígà mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kí kọ́ńgò kún, kí ó pé ni ó fẹ́.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò báyìí ṣe sún kì, tí ó di ọ̀rọ̀ ọtí nìkan? Àwọn tí ó ṣe é ní ìdí pàtàkì. Ní ọdún 1826, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà láti gbógun ti ọtí líle. Ní ọdún 1832, ní ìlú Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Livesey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìlérí pé àwọn kò ní mu ọtí kankan mọ́, ìbáà ṣe bíà tàbí wáìnì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ nípa ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa kí a má tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin dìde. Ní ọdún 1874, ní ìlú Cleveland, àwọn obìnrin Krìsìtẹ́nì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan, Frances Willard, sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti ọdún 1879 títí ó fi kú ní ọdún 1898. Rìbọ́nì funfun ni àmì wọn. Wọ́n ti rí ilé tí ọtí fọ́, wọ́n ti rí ọmọ tí ebi ń pa nígbà tí baba ń ná owó oṣù sí ilé ọtí. Kì í ṣe ẹjọ́ wọn pé wọ́n pariwo.

Ní Èkó níhìn-ín náà, wọ́n pariwo. Jíìnì tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Yúróòpù kún ọjà, owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀ sì jẹ́ apá ńlá nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe ìjọba. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà wà lára àwọn tí ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i láìbẹ̀rù, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 1909. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dá ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké dúró, wọ́n sì tún sún un síwájú lẹ́yìn náà. Àwa tí a ń gbé láti Akọka dé Ṣómólú ń rí alágbo àti oníparaga ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ láti òwúrọ̀ kùtù. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mu ún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú ogun ọtí.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má fi ogun kan gbàgbé àwọn yòókù. Nígbà tí John Wesley tẹ Ìlànà Gbogbogbò jáde fún àwọn ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní ọdún 1743, ó ka ìmutípara sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì kọ̀ fún wọn láti ra ọtí líle, láti tà á, tàbí láti mu ún, àyàfi bí ó bá di ọ̀ràn-an-yàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni ó ti kọ̀ fún wọn láti wọ wúrà àti aṣọ olówó ńlá, láti yá owó tí wọn kò rí ọ̀nà àtisan, láti ra ọjà àwìn tí wọn kò lè san, àti láti sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yìn láìní ìfẹ́. Wesley kò ya ìgò ọtí sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ àti gbèsè. Ohun kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀: ọkàn tí kò ní ìjánu.

Ẹ̀yin ìyá, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìyá wa ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ sí, mọ iye ìwé ìkésíni àti ìwé ètò ìsìnkú tí ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí opó kan bá yá owó àjẹmọ́nú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti sìnkú ọkọ rẹ̀ kí ayé má baà sọ̀rọ̀, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wọ inú ìrẹsì àti kúlà, ta ni ó fo ààlà? Opó náà nìkan kọ́ o. Gbogbo àwa tí a bá ń wo ẹnu rẹ̀ pé kí ni yóò fún wa jẹ ni. Bákan náà, bí ẹgbẹ́ bá yan aṣọ tuntun fún gbogbo àjọ̀dún, arábìnrin tí kò lówó rẹ̀ kò ní wá sọ fún wa pé òun kò lówó. Yóò kàn máa pa ìpàdé jẹ ni. Láìpẹ́ a ó ní ìfẹ́ rẹ̀ sí ohun Ọlọ́run ti tutù, bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ wa ni ó lé e jáde. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n tún ní àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ahun ni à ń kọ́ ara wa. Ẹni tí ó po omi pọ̀ mọ́ wáìnì kò da wáìnì nù. Ayẹyẹ dára, aṣọ dára, kí a gbé òkú àgbà sin pẹ̀lú ọ̀wọ̀ dára. Ìwọ̀n ni à ń wá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu: òtítọ́ dára, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí kò ní ìfẹ́ nínú dà bí irin tí kò padà sínú iná, yóò ṣẹ́ mọ́ ẹni tí a sọ ọ́ fún lára. Ìdí nìyí tí a tún fi ní láti gbọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Fílípì ní orí kẹrin. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ìpamọ́ra ni Bíbélì Yorùbá kọ. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ a máa ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Kò ní fi ìyàwó ọ̀mùtí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ní wo bàtà arábìnrin rẹ̀ kí ó tó kí i.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Kí a gbà kí ẹni tí ó ní aṣọ ẹgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ wọ̀ ọ́ láìsí ìtìjú. Kí a lọ jókòó ti opó kí ó tó yá owó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ gbèsè. Èso Ẹ̀mí ni èyí, a kò lè fi agbára ara wa so ó. Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ Ẹni tí ń fúnni.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: (1) Nínú ìjánu, ààlà àti òṣùwọ̀n, èwo ni ó ṣòro jù fún wa? (2) Kí ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí apá tálákà kò ká? (3) Báwo ni a ṣe lè ran ìdílé tí ọtí ń dà láàmú lọ́wọ́ láìdójú tì wọ́n?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o fi ààlà sí òkun, fi ìjánu sí ẹnu wa, fi ààlà sí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wa, kí o sì fi òṣùwọ̀n òdodo sí ọwọ́ wa. Má ṣe jẹ́ kí a di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún arábìnrin wa. Nítorí Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.