Ọmọ Tí A Gbé Pọ̀n Kò Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ rò.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan ní àdúgbò wa wá yá owó lọ́wọ́ mi. Ó ní ọmọ òun fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC. Mo ní, "Ṣebí ẹ ti san owó ìdánwò?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, owó ìrànlọ́wọ́ ni." Mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: owó tí àwọn òbí ń dá kí a lè bá àwọn ọmọ wọn kọ ìdáhùn. Mo ní n kò ní owó fún irú rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Tiyín ti yege, mà. Ṣé kí tèmi wá fìdí rẹmi nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yege ni?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Obìnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Aago mẹ́rin ìdájí ni ó ń jí dín àkàrà kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Ìfẹ́ ọmọ ló ń tì í. Kí wá ni ìrànlọ́wọ́ gan-an, níbo ló sì ti ń di ìpalára?

Kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kíláàsì karùn-ún, bí ó bá ń sunkún lórí iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò, èmi ni mo máa ń gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀ tí n ó bá a ṣe é. Máàkì rẹ̀ dára, inú wa dùn. Ìgbà tó dé sẹ́kọ́ńdìrì ni àṣírí tú: kò lè ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá mẹ́rin. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, mo rò pé ẹ kò gbà pé mo lè ṣe é ni." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Bí a bá pọn ọmọ dé ọjà, ó ti dé ọjà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá pọn ọn dé ìparí ìwé, kò tíì dé ibì kankan, nítorí ìrìn yẹn gan-an ni à ń pè ní ẹ̀kọ́.

Ẹ rántí Rèbékà. Ó fẹ́ kí Jákọ́bù rí ìbùkún gbà, ó gbé aṣọ Ísọ̀ wọ̀ ọ́, ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Jákọ́bù rí ìbùkún náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní láti sá kúrò nílé, Bíbélì kò sì sọ pé ìyá rẹ̀ tún fojú kàn án mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ìyá yìí fi kọ́ ọmọ ni pé, bí o bá fẹ́ nǹkan, wọ aṣọ ẹlòmíràn lọ gbà á.

Ohun tí owó ìrànlọ́wọ́ ń kọ́ ọmọ náà nìyẹn. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 lórí màgòmágó ìdánwò fi ẹ̀wọ̀n sí i, WAEC sì máa ń fagi lé èsì. Ṣùgbọ́n bí àṣírí kò tilẹ̀ tú, ta ni nínú wa ló fẹ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ẹlòmíràn bá kọ ìdánwò? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Èmi kò kàwé, báwo ni n ó ṣe ran ọmọ lọ́wọ́?" Ìyá tó bí mi kò mọ A yàtọ̀ sí B. Èlùbọ́ ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, bí a bá ń jọ èlùbọ́, yóò ní, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí? Sọ ọ́ kí n gbọ́." Bí mo bá ń ta kókó lẹ́nu, yóò ní, "Ibẹ̀ yẹn kò tíì yé ìwọ fúnra rẹ. Bi tíṣà rẹ lọ́la." Kò mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó mọ bí ohun tó yé ènìyàn ṣe ń dún lẹ́nu. Òun ló sọ mí di tíṣà tó kọ́ni fún ọdún márùndínlógójì.

Yorùbá ló sì fi ń bi mí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìyá tó gbọ́ Yorùbá nìkan, ẹnu rẹ wúlò fún ọmọ rẹ.

Kí wá ni kí á ṣe? Ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan lálẹ́ tí ẹ kò ní rán ọmọ níṣẹ́. Ẹ bi í ní ohun tó kọ́. Ẹ lọ rí tíṣà rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Bí iṣẹ́ bá le, ẹ jókòó tì í, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, ẹ má pè é ní olódo. Ìdánwò ń bọ̀ lọ́dọọdún.

Ní ti aládùúgbò mi, n kò yá a lówó, ṣùgbọ́n mo ní kí ọmọ náà máa wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò lọ́dún yẹn, ìyá rẹ̀ kò sì kí mi dáadáa fún oṣù bíi mélòó kan. Ó tún un ṣe ní ọdún kejì. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé èsì wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá Tíṣà, èmi ni mo kọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí á máa ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ lọ́nà tí àwọn náà yóò fi lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù rẹ̀. Àmín.