Inú Àká Ni Ogun Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òwe yìí wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n tí a bá ń pìtàn ogun tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, bá Faransé jà, ní Kútọnu níbí, ìgboyà nìkan là ń sọ. Ère obìnrin ológun tí ìjọba ṣí ní 2022, tó ga tó 30 mítà, ìbọn ló gbé dání. Ó yẹ ẹ́. Àmọ́ ta ló ra ìbọn náà? Kí ni wọ́n fi rà á? Ta ló gbin ohun tí ẹni tó gbé e ń jẹ? Ẹni tó bá fẹ́ pìtàn ogun bó ṣe yẹ, inú àká ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ojú ìjà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1890, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọ lu Faransé ní Kútọnu kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò sì rí ìlú náà gbà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Béhanzin gbà kí Kútọnu wà lọ́wọ́ Faransé, kí wọ́n máa san 20,000 fúránkì fún un lọ́dọọdún. Àwọn kan ka èyí sí ìtẹríba. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Àyè ìmúra ni ọba rà. Láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, ó ń gba ìbọn tó ń yìn léraléra àti àgbá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Uìdà. Ọ̀gágun gidi ló mọ̀ pé ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu kò lè dá òyìnbó dúró mọ́.

Alfred Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni Faransé gbé ogun 1892 lé lọ́wọ́. Òun náà mọ inú àká. Odò Wèmè ló bá gòkè, nítorí odò ló ń ru oúnjẹ àti ọta rẹ̀. Ní Dogba, ní 19 oṣù kẹsàn-án, àwọn Dàhòmì ká a mọ́ ibùdó ní ìdájí; àgbá inú ọkọ̀ ojú omi wà lára ohun tó gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Poguessa, ó fi odò sílẹ̀, ó kọjú sí Agbómè, olú-ìlú Dàhòmì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Béhanzin ti hàn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ kòtò, wọ́n dí ọ̀nà omi, wọ́n ń bá a jà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ní Akpa, òùngbẹ há ọmọ ogun Faransé lọ́fun débi pé Dodds ní láti dúró de oúnjẹ àti ènìyàn tuntun. Ìrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, láti Poguessa dé Kana nítòsí Agbómè, oṣù kan ló gbà wọ́n.

Ní 1954, Faransé yìí kan náà pàdé ọ̀gágun Võ Nguyên Giáp ní Dien Bien Phu ní Vietnam. Ọwọ́ ni àwọn ọmọ ogun Giáp fi wọ́ àgbá gun òkè, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ ti ìrẹsì gba inú igbó kọjá. Gbogbo ayé ló ń yìn ín fún un, ó sì tọ́ sí i. Kí ló dé tí a kò fi ojú kan náà wo ọba Agbómè?

Àmọ́ ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ míràn wọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ni àká Béhanzin ti jò. Ènìyàn wà lára ohun tó fi san owó ìbọn. Ní 1886, nígbà ayé Glele bàbá rẹ̀, ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu, ìlú Yorùbá, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Agbómè. Èmi ọmọ Yorùbá ò lè pìtàn yìí kí n fo ibẹ̀ yẹn. Ẹni tí o kó lẹ́rú kò ní fi inú kan gbin iṣu ogun fún ọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n finá sí ààfin, ó sì forí lé àríwá. Àwọn ará Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú ní tiwọn, ọ̀nà ilé ni wọ́n mú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún ìlú wọn tẹ̀ dó, wọ́n sì fi ọba tiwọn jẹ.