Aláìsàn àti Ọdún Iléyá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ni àìsàn, tí Ó sì ni ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Iléyá ti dé tán. Àwọn ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Èjìgbò ń ti Abidjan bọ̀ wálé, igbe àgbò sì ti gba ìgboro. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí baba kò lè dìde lórí ẹní. Ilé mìíràn wà tí ìyá ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín.

Ohun tó ń dun irú wọn lásìkò yìí ju ìrora lọ ni ìtìjú. Wọ́n ń wò ó pé kí ni aládùúgbò yóò wí bí a kò bá so àgbò mọ́lẹ̀. Báyìí ni owó oògùn ṣe ń di owó àgbò. Nínú ìlànà Imam Malik tí a ń tẹ̀lé, sunna tó lágbára ni ẹran Iléyá fún ẹni tó bá rọ̀ lọ́rùn, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Súrà Al-Hajj, ẹsẹ 37, jẹ́ kí á mọ̀ pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn wa ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀, kì í ṣe ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí Ànábì dúńbú àgbò, ó ka àwọn tí kò lè dúńbú nínú ìjọ rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Abu Dawud àti Tirmidhi ló gbà á wá. Baba tó ń ra oògùn, ìwọ náà wà nínú àgbò yẹn.

Ní ti ìrun, Imran ọmọ Husain ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ànábì ní kí ó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, kí ó jókòó, bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bukhari ló gbà á wá. Aláìsàn tí kò dé yídì kò dẹ́ṣẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ torí ọdún fi oògùn sílẹ̀. Ẹ lọ gbà á kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀, kí ó bi dókítà léèrè ìwọ̀n ẹran, iyọ̀ àti omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí wọn, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sì máa ka àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti pa fún wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pàápàá! Ẹ̀yin ọmọ tó ti Àbíjàn dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí oògùn jẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún wọn ní àlàáfíà. Bí aláìsàn bá wà nílé yín tí kò ní lè wá sí yídì, ẹ sọ fún wa lẹ́yìn ìrun yìí, a óò yà kí i kí á tó lọ pín ẹran.