Kó Tó Di Ọjọ́ Ìdánwò



Kíkà: Mátíù 4:1-11

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sátánì dán Jésù wò, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Ó fi ọ̀rọ̀ inú Deutarónómì dá a lóhùn. Ebi ń pa Á lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú Rẹ̀ kí ìdánwò tó dé.

Àwa ńkọ́? Bí fóònù bá kú lóru, tí ẹ̀rù ń bà wá, ẹsẹ mélòó la máa rántí?

Ẹlòmíì á ní, "Orí mi ò gbé e mọ́." Ẹ̀yin ará, ẹni tó jẹ wá lówó, ṣé a máa ń gbàgbé iye rẹ̀? Ohun tá a bá ń tún sọ lójoojúmọ́ ló ń dúró síni lọ́kàn.

Ẹ mú Orin Dáfídì 119:11 lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dá a ṣe o. Ẹ wá ẹnì kan, bóyá ọmọ yín tàbí aládùúgbò, kẹ́ ẹ máa kà á fún ara yín lálaalẹ́. Bó bá ṣì í, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti já.

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Rẹ ti wà nínú wa kí ọjọ́ tá a máa nílò rẹ̀ tó dé. Àmín.