Ta Ni Onímọ̀ Jẹ Ní Gbèsè?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1955, ìròyìn kan jáde láti ìlú Ann Arbor ní Amẹ́ríkà, inú ayé sì dùn: abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Jonas Salk ṣe lágbára láti dènà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì jìn síra, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé ka iwájú wa. Ta ló ni ìmọ̀? Ṣé ẹni tó jókòó kọ́ ọ ni, àbí àwọn tó san owó rẹ̀?

Owó tí Salk fi ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Pittsburgh, ọwọ́ ará ìlú ló ti wá. Ààrẹ Franklin Roosevelt, tí àìsàn náà rọ lẹ́sẹ̀, ló dá àjọ tó gbówó kalẹ̀ sílẹ̀ ní 1938, ẹyọ owó sẹ́ńtì mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àwọn èèyàn sì ń fi sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó di 1954, nǹkan bíi 1,800,000 ọmọ ilé-ìwé ló kópa nínú ìdánwò abẹ́rẹ́ náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kò sí ẹni tó gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ló ni ín. Albert Sabin, tó ṣe irú èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ, kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ náà. Ìyẹn wà lára ìdí tí òṣìṣẹ́ ìlera fi lè kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Kánò tàbí ní Ìbàdàn, kó kán oògùn sẹ́nu ọmọ, kó fi yíǹkì sàmì sí ọmọ náà níka, kí ìyá rẹ̀ má sì san kọ́bọ̀.

Àwọn ẹ̀sìn tó wà láàárín wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn onífá, èèwọ̀ ni kí babaláwo sọ Ifá di ọ̀nà àtikó ọrọ̀ jọ. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ka ìmọ̀ tó ń ṣe ọmọ aráyé láǹfààní mọ́ ohun mẹ́ta tí láádá wọn kì í dáwọ́ dúró lẹ́yìn ikú. Nínú ìwé Ìhìnrere, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ri tálẹ́ńtì ọ̀gá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò jí kọ́bọ̀, síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ka kí onímọ̀ wúlò fún ìlú sí àánú tó ń ṣe fún ìlú. Gbèsè ló ń san.

Àwọn kan ń san án lójú wa. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni Oluseun Onigbinde kọ́ ní yunifásítì ìjọba tó wà ní Abẹ́òkúta, ó sì ti ṣiṣẹ́ báńkì kí òun àti Joseph Agunbiade tó dá àjọ BudgIT sílẹ̀ ní 2011. Ìwé ìṣúná ìjọba nípọn, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di àwòrán tí mẹ̀kúnnù lè wò kó yé e. Ètò Tracka tó jẹ yọ lára BudgIT tún mú iṣẹ́ náà dé abúlé. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ á mú bébà dání, á ka orúkọ iṣẹ́ àkànṣe àti iye owó rẹ̀ sétí àwọn ará abúlé. Kànga ẹ̀rọ tí ìjọba ní òun fún yín, ibo ló wà? Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á ya fọ́tò ibẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí aṣòfin wọn.

Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá dá àjọ Alt-i sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ èdè Áfíríkà. Bí ẹ̀rọ yóò ṣe dá ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ mọ̀ nínú èdè Yorùbá wà lára ohun tó ṣèwádìí lé lórí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè mú èrè wá, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ olówó ṣe máa ń fò ó dá.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Èkó kó máa gba dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ó ní owó ilé láti san, àwọn àbúrò ń retí owó ilé-ìwé. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìfẹ́ ìlú tó o jẹ. Bí onímọ̀ bá jẹ ìlú ní gbèsè, ìlú náà jẹ onímọ̀ ní oúnjẹ.

Apá yìí gan-an la ti kùnà. Àwọn àjọ bíi MacArthur àti Gates láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ti fún BudgIT lówó. Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ bí ẹni tó jìnnà bá yí ọkàn padà lọ́la, ta ni yóò bá wa ka ìwé ìṣúná wa? Owó orí àti owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi sanwó olùkọ́ ní 1955. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ náà dáwó rán ọ̀pọ̀ ọmọ wọn lọ sí yunifásítì. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò lówó tó wa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀yin ìjọ àti jàmáà, ẹ ti mọ bí a ṣe ń dáwó. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ya owó oṣù ọdún kan sọ́tọ̀ fún ọmọ yín kan tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí sáyẹ́ǹsì, kó máa yẹ omi kànga ìlú wò, kó máa tọpa iṣẹ́ àkànṣe, kó sì máa jábọ̀ fún yín ní gbangba.