Ọwọ́ Òsì Olùkọ́

"Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra." Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, bí ó ti rí níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, apá àkọ́kọ́ òwe yìí ló máa ń yá lára ju èkejì lọ. Olùkọ́ tó mú pàṣán dání á ní òun ń tọ́ ọmọ ni, òbí náà á sì gbè é lẹ́yìn. Ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, òsì kò tíì gbéra.

Ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò. Ọwọ́ ni àwọn àgbà wí, wọn kò dárúkọ pàṣán. Ọwọ́ kì í gùn kọjá apá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ bá ọmọ wí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹnì kan náà ló sì ni ọwọ́ méjèèjì. Kì í ṣe pé kí bàbá bá ọmọ wí tán kí ìyá máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹni tó bá a wí gan-an ni kó fà á mọ́ra. A kì í fi òsì kí àgbà, a kì í sì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ òun ni òwe yan iṣẹ́ tó ṣòro jù fún, nítorí pé ọ̀tún ṣì wà lẹ́nu ìbáwí. Bí òsì bá ní òun á dúró kí ọ̀tún ṣetán ná, ọmọ ti lọ.

Sísún mọ́ ọmọ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì kéré ní àgbègbè Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àrìgìdì kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ní èdè tirẹ̀. Ní Auga, Ìṣẹ̀ àti Ìkákùmọ̀, Ukaan ni wọ́n ń sọ, èdè tí kò lè yé ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan. Àwọn àgbẹ̀ Ebira tó tẹ̀dó sí àgbègbè náà ń sọ tiwọn. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè wọ kíláàsì kìn-ín-ní kí Yorùbá olùkọ́ jẹ́ èdè kejì fún un, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kó jókòó, ó dúró. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó ń wolẹ̀. Wéré, ó ti di olóríkunkun lẹ́nu olùkọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n wí ni kò yé e.

Lórí ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970 ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Módákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọmọ Módákẹ́kẹ́ ń sọ nílé. Fún àwọn ọmọ Àkókó kan, Yorùbá inú ìwé pàápàá jẹ́ àlejò.

Ìwà ọmọ a tún máa ti àdúgbò wá. Ìkàrẹ́ ní ààfin méjì, ti Olúkàrẹ́ àti ti Ọwá Àlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ga jù sì ti ń fa ìjà láàrin wọn tipẹ́. Ọmọ ọdún méje lè gbé èébú tó gbọ́ nílé wá sórí bẹ́ǹṣì, kó ní òun kò ní jókòó ti ọmọ ìhà kejì. Kí ni pàṣán fẹ́ ṣe sí èyí? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á pa àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá kíláàsì. Á mú ọmọ tó gbọ́ èdè méjì jókòó ti èyí tó gbọ́ ẹyọ kan. Á fòpin sí àṣà kí mọ́nítọ̀ máa kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀ kí olùkọ́ lè nà wọ́n, torí ó ń sọ ọmọdé di amí láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ba nǹkan jẹ́ ni á tún un ṣe, kíláàsì á sì gbà á padà.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà jáde ní 2003, ti ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ̀ lé e ní 2007. Wọn kò fàyè gba ìyà tó ń pa ọmọ lára tàbí tó ń tàbùkù rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, kí ẹ tó kọ "aláìgbọràn" sínú káàdì ọmọ kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wádìí èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, àti bóyá ó jẹun kó tó jáde láàárọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró dè wọ́n kí wọ́n bi yín. Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn.