Ǹjẹ́ Àfojúdi Ni Láti Sọ fún Àgbà Pé Iyè Rẹ̀ Ń Ra?

Ní Enuwa, níwájú ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, ọmọ tí ó bá kọjá lára àgbà láìkí i, wọn yóò bi í léèrè irú ilé tí ó ti jáde wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. A kọ́ wa pé kí a dọ̀bálẹ̀, kí a kúnlẹ̀, kí a má sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí nìkan kò dáhùn: nígbà tí bàbá tàbí ìyá wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohun tí kò yẹ kí ó gbàgbé, ṣé ọ̀wọ̀ ni kí a dákẹ́, tàbí ọ̀wọ̀ ni kí a sọ̀rọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń dákẹ́. A ó ní, “Ogbó ló dé.” Bí ó bá pọ̀ sí i, a ó ní, “Bàbá ti ń ṣarán.” Ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí pé ohun tí a ń fi ìdákẹ́ wa pa mọ́ lè jẹ́ àìsàn.

Èwo ni ti ogbó, èwo ni ti àìsàn?

Kí àgbà gbàgbé ibi tí ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí, tàbí kí ó pe orúkọ ọmọ méjì kí ó tó kan orúkọ ẹni tí ó ń pè, èyí kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí ó bá ṣe díẹ̀, yóò rántí. Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí ó yẹ kí a fiyè sí, pàápàá bí wọn kò bá sí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù:

(a) Ó ń béèrè ìbéèrè kan náà léraléra, bí ẹni pé a kò dá a lóhùn rí.

(b) Ó ń ṣìnà ní ọ̀nà tí ó ti ń rìn láti kékeré, bí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ̀nà láti Enuwa dé Ìlódè mọ́.

(d) Iṣẹ́ tí ó mọ̀ dunjú ń dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tàbí kí ó gbé ìkòkò kaná kí ó sì jáde lọ. Oníṣòwò kò mọ iye ṣéńjì tí yóò fún oníbàárà mọ́.

(e) Orúkọ àwọn ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu.

(ẹ) Ó ń fi nǹkan pamọ́ síbi tí kò yẹ, lẹ́yìn náà ó ń sọ pé wọ́n jí i.

(f) Ìwà rẹ̀ yí padà. Ẹni tí ó ń tújú ká di oníbìínú tàbí afura. Ẹni tí kì í pa ìpàdé jẹ kò fẹ́ jáde mọ́.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó láti fi dájọ́. Àìsàn tí ó sábà máa ń fi irú àmì wọ̀nyí hàn ni àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́ńṣíà. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni a fi orúkọ dókítà ará Jámánì nì, Alois Alzheimer, pè, ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906. Ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn. Kì í ṣe ìwà búburú, kì í sì í ṣe àjẹ́. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé ìyá arúgbó tí ó jáde lóru, tí kò mọ̀nà ilé mọ́, tí ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yéni, àwọn kan ti pe irú rẹ̀ ní àjẹ́, wọ́n sì ti fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Ohun tí a rí ní Ìbàdàn

Àwọn mìíràn ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Òṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàrin àwọn àgbà tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Òṣúntókun kú ní ọdún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì bá iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní ọdún 2001, a rí i pé nínú 1,000 àgbà ní Ìbàdàn, bí 13 tàbí 14 ni dìmẹ́ńṣíà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, bí 32 ni. Tiwa kéré sí tiwọn, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í ṣe òfo.

Ohun kan wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà tí ó kan ìbéèrè wa gan-an. Wọn kò bi àgbà nìkan. Wọ́n tún bi ẹbí tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa bóyá ìgbàgbé rẹ̀ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti bóyá iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń nira fún un. Èéṣe? Nítorí pé ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra lè má mọ̀ pé ó ń ra. Ọkọ, aya, ọmọ àti ará ilé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Bí àwọn wọ̀nyí bá dákẹ́, ta ni yóò sọ̀rọ̀?

Ìdákẹ́ wa, ta ni ó ń ṣe láǹfààní?

Ẹni tí ó dákẹ́ lè sọ pé òun ń bo àṣírí òbí òun ni, bí Ṣémù àti Jáfẹ́tì ti bo ìhòòhò Nóà (Jẹ́nẹ́sísì 9:20-27). Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà dáadáa. Hámù rí bàbá rẹ̀, ó sì lọ ròyìn rẹ̀ níta. Ṣémù àti Jáfẹ́tì mú aṣọ, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn wọlé, wọ́n sì bò ó. Wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà láti ṣe, wọ́n sì ṣe é. Bí wọ́n bá ti dúró síta, tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ìhòòhò ni Nóà ìbá wà. Kí a má tú u síta, ọ̀wọ̀ ni. Kí a má ṣe nǹkan kan, èyí kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Ìdákẹ́ ń ṣe ìpalára lọ́nà mẹ́ta.

Èkíní, kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni dìmẹ́ńṣíà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, àìtó fítámínì B12, tàbí oògùn tí ó pọ̀ jù, lè mú kí iyè àgbà dàrú, a sì lè tọ́jú wọn. Ọmọ tí ó ní “ogbó ni” ti dájọ́ kí dókítà tó wo òbí rẹ̀.

Èkejì, a kò tíì rí oògùn tí ń wo dìmẹ́ńṣíà sàn pátápátá, ṣùgbọ́n a lè dín ewu rẹ̀ kù. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ti ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ka ohun 14 tí ń fa ewu yìí. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, bí 45 nínú 100 ni a lè dènà tàbí kí a sún síwájú. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìgbọ́ràn, àìríran, sìgá, ọtí àmujù, àìṣe eré ìdárayá, àti dídá wà. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn pẹ̀lú ti sọ ní ọdún 2011 pé ewu náà pọ̀ sí i fún àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ẹ ṣàkíyèsí dídá wà. Àgbà tí a kò bẹ̀ wò mọ́ nítorí pé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, a ń dá kún àìsàn rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àgbà ṣì lè sọ ìfẹ́ inú rẹ̀: ta ni yóò máa bá a tọ́jú owó, ọ̀dọ̀ ta ni yóò máa gbé, kí ni kí a ṣe sí ilé àti ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá dákẹ́ títí iyè yóò fi lọ, àwọn mìíràn ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Jákọ́bù fi ojú Ísáákì tí ó ṣókùnkùn rẹ́ ẹ jẹ (Jẹ́nẹ́sísì 27). Lónìí pẹ̀lú, ẹni tí ó di ìka bàbá mú láti fi tẹ ìwé ilẹ̀ tí kò yé bàbá, olè ni, ì báà ṣe àkọ́bí.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Bí ọ̀rọ̀ náà bá ba ọkàn àgbà jẹ́ ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Àgbà lè bínú, ó lè sunkún, ó lè ní a fẹ́ sọ òun di wèrè. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ṣọ́ bí a ó ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí a má sọ ọ́. Ẹ rántí Básíláì ará Gílíádì (2 Sámúẹ́lì 19:31-39). Ẹni 80 ọdún ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Dáfídì Ọba pé òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, etí òun kò sì gbọ́ orin dáadáa mọ́. Ọba kò fi í ṣe ẹlẹ́yà; ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì súre fún un. Níbi tí àgbà ti mọ̀ pé a kò ní fi òun rẹ́rìn-ín, òun gan-an lè kọ́kọ́ la ẹnu. Àwa tí a ń fi àwọn aṣarán ṣe àwàdà ni a ń dí wọn lẹ́nu.

Bí a ó ti sọ ọ́

Ẹ má sọ ọ́ níwájú àlejò tàbí àwọn ọmọ kéékèèké. Kí ẹni tí àgbà fọkàn tán jù lọ jókòó tì í. Kí ó sọ ohun tí ó rí, kí ó má fi orúkọ àìsàn kankan pè é: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo rí i pé ẹ ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ rí dókítà.” Kí ó ti kọ àwọn àmì náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, nítorí pé dókítà yóò béèrè. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, etí àti ojú wò. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀ fún àwọn tí ó wà nítòsí. Bí àgbà bá kọ̀, kí a má fi agbára mú un. Kí a rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Wọ́n tún ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, òbí wa rí ohun tí àwa kò rí, wọ́n sì sọ fún wa. Bí ó bá kàn wá láti rí ohun tí wọn kò rí, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn, lórí ìkúnlẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bíbo àṣírí àgbà àti fífi àìsàn rẹ̀ pa mọ́?

2. Bí iyè rẹ bá ń ra ní ọjọ́ ogbó, ta ni o fẹ́ kí ó sọ fún ọ? Báwo ni o ṣe fẹ́ kí ó sọ ọ́?

3. Àgbà wo ni kò wá sí àárín wa mọ́? Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí?